Láti Ẹ̀yìn Ọdẹ dé Ẹnu Géètì: Ajá Iṣẹ́ ní Ilẹ̀ Yewa

Ajá ti ní iṣẹ́ àti ipò ní ilẹ̀ Yewa tipẹ́ kí Britain àti Faransé tó fa ààlà gba ibẹ̀ kọjá ní 1889. Hugh Clapperton, ọmọ Scotland tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi Britain, kọ nípa rẹ̀. Badagry ló gúnlẹ̀ sí, ó sì gba ilẹ̀ Yewa lọ sí Ọ̀yọ́ ní Oṣù Kejìlá 1825. Nígbà tó dé Ìjànnà, nítòsí Ìlaròó, ọwọ́ tí wọ́n fi mú ajá níbẹ̀ yà á lẹ́nu. Wọ́n so ọ̀já aláràbarà tí wọ́n fi owó ẹyọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ń jókòó ti olówó rẹ̀, ó ń bá a lọ sóde, àwọn ẹni ńlá ìlú kì í sì í jáde láìmú tiwọn dání. Ó tún jọ lójú Clapperton pé wọ́n yan ọmọkùnrin kan láti máa tọ́jú ajá. Ó ní òun kò tíì rí irú rẹ̀ níbòmíràn ní Áfíríkà.

Owó ẹyọ dùn ún wò, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ibi tí ajá bá ti ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tọ́ ọ lọ, ìwà rẹ̀ kò ní ṣòro fún ará ilé láti mọ̀.

Ajá ìbílẹ̀ yìí kò tóbi. Etí rẹ̀ nà ró, ìrù rẹ̀ ká, ara rẹ̀ fẹ́rẹ́, ó sì lè kó sábẹ́ igbó tí ènìyàn kò lè wọ̀. Ní ìhà Ayétòrò, níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn, ẹ̀ẹ̀rùn ni àsìkò iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí iná bá ti jó pápá tí ọ̀yà àti ehoro kò níbi sá sí mọ́. Ọdẹ kì í fi ẹgba kọ́ ọmọ ajá níṣẹ́. Ẹ̀yìn àgbà ajá ló ń fi í sí. Ẹnu ihò òkété ló ti kọ́kọ́ ń kọ́ bí a ti ń fi imú wá nǹkan, tí a sì ń ní sùúrù. Wọ́n ń so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn kí ọdẹ lè mọ ibi tó wà. Fèrè ni wọ́n fi ń pè é padà, ìyẹn ni òwe fi sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bí wọ́n bá pa ẹran, wọ́n a fún un ní ìpín tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó lè mọ ohun tí òun ṣiṣẹ́ fún. Ajá tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára ewúrẹ́ aládùúgbò kì í pẹ́ lọ́wọ́ ọdẹ. Ògún kò jìnnà, ajá sì ni oúnjẹ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣà wọ́n láti ìran dé ìran nìyẹn, títí ajá fi mọ ààlà láàárín ẹran ìgbẹ́ àti ẹran ilé.

Ààlà 1889 fi Kétu sọ́wọ́ Faransé, ó sì fi Ìmẹ̀kọ sọ́wọ́ Britain. Ajá ọdẹ kò mọ èyí.

Àwọn ajá ńlá ilẹ̀ òkèèrè dé lẹ́yìn náà, nígbà tí ilé olódi àti géètì ń pọ̀ ní Ìlaròó àti lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò bíi ti àwọn ìlú Nàìjíríà yòókù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ìwà iṣẹ́ àwọn baba ńlá rẹ̀ wá. German Shepherd, tí ará ìlú mọ̀ sí Alsatian, jẹ́ ajá darandaran tí Max von Stephanitz dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ní Jámánì ní 1899. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń pàṣẹ fún un, ó sì tètè ń kọ́ ẹ̀kọ́. Rottweiler, ajá àwọn alápatà ìlú Rottweil, lágbára, ó sì ń fẹ́ àṣẹ tí kì í yí padà. Boerboel ti àwọn àgbẹ̀ South Africa lè wọn ju kílò 60 lọ. Ajá Caucasus yàtọ̀ pátápátá: wọ́n máa ń fi í ti àgùntàn lórí òkè láti kọjú ìjà sí ìkookò, nítorí náà kì í dúró de àṣẹ kó tó pinnu. Òun ló ṣòro jù fún ẹni tí kò sin ajá rí, irun rẹ̀ tó nípọn sì ń ni ín lára nínú ooru Yewa.

Àwọn ajá wọ̀nyí dé láìsí ọmọkùnrin Ìjànnà. Ọ̀gá ń lọ síbi iṣẹ́, máígàádì ń yí padà, ajá sì wà lórí ẹ̀wọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn tí wọ́n bí i ni ọmọ ajá ń mọ irú ẹni àti ohun tí kò yẹ kó bẹ̀rù: ọmọdé, àlejò, alùpùpù, ewúrẹ́. Èyí tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ lásìkò yìí yóò dàgbà pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ìbẹ̀rù ló sì ń fa ọ̀pọ̀ ìbunijẹ tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìgboyà. Àwọn mìíràn a máa fi ata tàbí ẹ̀tù ìbọn sínú oúnjẹ rẹ̀ kó lè rorò. Ikùn rẹ̀ nìyẹn ń bà jẹ́. Kò kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ láàárín olè àti ìyá arúgbó tó wá kí ọmọ rẹ̀. Àṣẹ kan náà láti ẹnu gbogbo ará ilé, ìrìn lójoojúmọ́, àti èrè kíákíá nígbà tó bá ṣe dáadáa ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Irú ajá bẹ́ẹ̀ lè tó ọdún méjì kó tó gbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ ti tóbi tó ti àgbà kí ó tó pé ọdún kan àbọ̀. Àárín ìgbà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ olówó ajá ń sọ̀rètí nù, tí wọ́n sì ń tà á.

Ọdẹ kì í mú Boerboel lọ sínú igbó: ó wúwo jù, ooru sì tètè ń mú un. Ajá ìbílẹ̀ ṣì ń lé ọ̀yà ní ìhà Ayétòrò. Ní ìgboro, wọ́n ń gun òun àti Alsatian pọ̀. Ọmọ tí wọ́n ń bí lè ní ara ọ̀kan àti ìwà èkejì, ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò ní láti wo ìyá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kó tó sanwó.