Ọwọ́ tí a fi ń kí aláìsàn: ìtàn àrùn tí a ń kó nílé ìwòsàn

  Ẹ̀yin àáfà wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ Ìwó nílé lóko, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kan gbogbo àwa tí a máa ń lọ kí aláìsàn. Bí àáfà bá wọ wọ́ọ̀dù, kì í dúró lọ́dọ̀ ẹni tó wá kí nìkan. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì á ní, "Àáfà, ẹ ṣàdúà fún èmi náà," àáfà á gbé ọwọ́ lé e lórí, á sì kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹnì kẹta. Ọwọ́ kan náà ni. Tí nọ́ọ̀sì bá wá ní kí a fọ ọwọ́ kí a tó kọjá, àwọn kan á ní ìgbàgbọ́ ló dín kù, pé ohun tí Ọlọ́run bá kọ ni yóò ṣẹlẹ̀.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 18 Híjírà, Khalifa Umar àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù. Wọ́n dé Sargh, ìròyìn kàn wọ́n pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níwájú. Umar kó àwọn àgbà jọ, ó sì pinnu pé òun yóò padà. Abu Ubayda bi í bóyá kádàrá Ọlọ́run ló fẹ́ sá fún. Umar fèsì pé inú kádàrá Ọlọ́run kan ni òun ti ń lọ sínú òmíràn, ó sì fi darandaran ràkúnmí ṣe àpẹẹrẹ: ìbáà da ẹran rẹ̀ síbi koríko tútù, ìbáà dà á síbi gbígbẹ, kádàrá náà ni. Lẹ́yìn èyí ni Abdurrahman ọmọ Awf dé, ó ní òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé kí ẹni tó wà lóde má wọ ìlú tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ wà, kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ má sì sá jáde. Abu Ubayda fúnra rẹ̀ bá àrùn náà lọ, èyí tí à ń pè ní àjàkálẹ̀ Amwas.

Àwọn kan a máa mú hádíìsì tó ní kò sí àkóràn dání bí idà. Abu Hurayra wà lára àwọn tó gbà á wá, bẹ́ẹ̀ òun kan náà ló gba èyí tó ní kí a má da ẹran tó ń ṣàìsàn mọ́ èyí tí ara rẹ̀ le. Àlàyé ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni pé àrùn kì í fi agbára ara rẹ̀ ràn, Ọlọ́run ló fi okùnfà sí i. Tí okùnfà bá sì wà, ẹni tó gbọ́n a máa ṣọ́ ọ. Nígbà tí Sultan Qalawun kọ́ ilé ìwòsàn ńlá sí Cairo ní 1284, ọ̀tọ̀ ni yàrá oníbà, ọ̀tọ̀ ni ti olójú, ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún.

Hádíìsì tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ iléekéwú mọ̀ ọ́n: kí ẹni tó bá jí lójú oorun fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó tì í bọ inú omi, torí kò mọ ibi tí ọwọ́ náà sùn. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Vienna, ní ilẹ̀ Austria. Wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí méjì ló wà nílé ìwòsàn kan níbẹ̀. Ní 1846, ju ìyá 11 lọ nínú 100 ló kú ní wọ́ọ̀dù àwọn dókítà. Ní ti àwọn agbẹ̀bí, kò tó 3. Dókítà Ignaz Semmelweis rí i pé ibi tí wọ́n ti ń la òkú ni àwọn dókítà ti ń bọ̀ wá gbẹ̀bí. Ní 1847, ó ní kí gbogbo wọn máa fi omi kúlórínì fọ ọwọ́ kí wọ́n tó wọlé. Ní 1848, àwọn tó kú kò tó 2 nínú 100. Ṣé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wọn bínú ni. Ilé àwọn alárùn ọpọlọ ló kú sí ní 1865.

Àrùn ilé ìwòsàn kò jìnnà sí tiwa náà. Ní 1969, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan ṣàìsàn ní Lassa, ní Borno òní. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó kú síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ kú tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni ibà Lassa ti gba orúkọ. Ní 1976, Èbólà bẹ́ sílẹ̀ ní Yambuku, ní Zaire ìgbà náà. Abẹ́rẹ́ márùn-ún péré ni wọ́n ń kó fún àwọn nọ́ọ̀sì láràárọ̀, òun ni wọ́n fi ń gún gbogbo èèyàn, wọ́n kàn ń fi omi ṣàn án. Ènìyàn 280 ló kú nínú 318 tí àrùn náà mú, 11 nínú òṣìṣẹ́ 17 tó wà nílé ìwòsàn ọ̀hún sì bá a lọ.

Ti Imo ló dùn mí jù. Ní 1989, ibà Lassa wọ ilé ìwòsàn méjì níbẹ̀. Ènìyàn 34 ló mú, 22 kú. Nọ́ọ̀sì mẹ́fà àti dókítà oníṣẹ́ abẹ méjì wà lára àwọn tó mú. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1995 fi hàn pé abẹ́rẹ́ àjùmọ̀lò ló tàn án ká láàárín àwọn aláìsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò: ẹni tí nǹkan mìíràn gbé wá sílé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ ló fi kó ikú lọ. Àwa náà kọ́, dókítà tí kò bá gún wa lábẹ́rẹ́, a ní kò mọ iṣẹ́. Abẹ olóòlà tó ń ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara òmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ti Liberia wá gbé Èbólà wọ Èkó. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é, àwọn òṣìṣẹ́ ti fi ọwọ́ kàn án. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ láti jẹ́ kó jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó tú u sílẹ̀. Àrùn náà pa á ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ènìyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, wọ́n sì kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa.

Ní àwọn ìlú tí kò tíì kúrò ní 2014, wíwẹ òkú wà lára ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ nígbà náà. Àjọ ìlera àgbáyé sọ nígbà náà pé, ó kéré tán, 20 nínú 100 àwọn tó kó Èbólà ló jẹ́ pé ibi ìsìnkú ni wọ́n ti kó o. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n gbé ìlànà jáde, àwọn aṣáájú Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì sì bá wọn dá sí i. Tí òkú bá jẹ́ Mùsùlùmí, a kò ní fi omi wẹ̀ ẹ́. Ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ ìdáàbòbò ni yóò ṣe tàyámọ́mù fún un, wọn á fi aṣọ funfun wé e, kí wọ́n tó gbé e lọ sí sàréè.