Ta Ni Ó Ni Ẹ̀kọ́ Olùkọ́?

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, bí mo bá gba oyè nínú èdè Yorùbá tán, ṣé iṣẹ́ tíṣà náà ni n ó máa ṣe títí n ó fi darúgbó?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ìbéèrè yẹn dàgbà ju ọmọ tí ó bèèrè rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó bá a ní ìlú méjèèjì, nítorí ó ti lé ní 120 ọdún tí a ti ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀.

Kí ilé-ìwé tó dé, ọmọ ahunṣọ ní í hunṣọ, ọmọ alágbẹ̀dẹ ní í fẹ́ ẹwìrì, ọmọ tí a bá sì bí sí agbo ilé onílù, kí ó tó mọ oko ni yóò ti mọ ìlù. Síbẹ̀, kì í ṣe ìbí nìkan ni ó ń pín iṣẹ́ láyé àtijọ́. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́ títí ó fi kú ní 1901, sọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921 pé 70 ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ tí ó wà ní Ọ̀yọ́, àti pé oyè wọn kì í ṣe oyè ìdílé: ẹni tí ó bá ṣe akin ni í jẹ ẹ́. Nítorí náà, nígbà tí àwọn òyìnbó ìjọ gbé ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí dé, kì í ṣe ohun àjèjì pátápátá ni wọ́n gbé dé.

Ní 1896 ni ìjọ C.M.S. gbé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wọn láti Èkó wá sí Ọ̀yọ́. Òun ni ó di St. Andrew's College. Ní 1898, ìjọ Onítẹ̀bọmi fi ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn sí Ògbómọ̀ṣọ́ lábẹ́ C. E. Smith. Ẹni tí wọ́n ń wá ni ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ní ọjọ́ Ajé, tí yóò sì wàásù ní ọjọ́ Ìsinmi. Ìjọ ni ó kọ́ ọ, ìjọ náà ni yóò sì sọ ibi tí yóò lọ. Bí ó jẹ́ ìletò tí ó wà lẹ́yìn odò méje, yóò di ẹrù rẹ̀. Owó oṣù kéré, ṣùgbọ́n iyì pọ̀: òun ní í ka lẹ́tà fún àwọn àgbà, òun ní í bá wọn kọ èsì. Ètò yìí dára fún ayé tí a tìtorí rẹ̀ ṣe é. Àléébù rẹ̀ ni pé àkàsọ̀ kan ṣoṣo ni ó ní, àkàsọ̀ náà kò sì gùn. Ẹni tí ó bá di ọ̀gá ilé-ìwé ti kan àjà.

Bẹ́ẹ̀ ni ayé ń yí. Rélùwéè ń wá akọ̀wé, ìjọba ń wá akọ̀wé, ìwé ìròyìn ń pọ̀ ní Èkó. Ẹ wo Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí a bí ní 1910. Ó kàwé ní Baptist College ní ìlú rẹ̀, ó sì ṣe olùkọ́ ní Baptist Academy ní Èkó láti 1930 títí di 1942. Lẹ́yìn èyí ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní rélùwéè, ó bọ́ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Daily Service, ó di olóòtú rẹ̀, ó lọ sí ìlú Ọba ní 1946, ó sì di lọ́yà ní 1950. Ní oṣù Kejìlá 1959 ó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ipò tí ó wà títí wọ́n fi pa á ní 15 oṣù Kíní 1966. Ẹ má bá mi dá ẹjọ́ òṣèlú rẹ̀ o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ń wò. Ẹnu tí àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ ya lọ sí ìpàdé, ta ni yóò sọ pé 12 ọdún tí ó fi dúró níwájú ọmọ ilé-ìwé kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀?

Ti Fágúnwà tún yàtọ̀. Ó wà ní St. Andrew's láti 1926 di 1929, ó sì dúró sí Ọ̀yọ́ títí di 1939, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ibẹ̀ ni ó wà tí ìwé rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ fi jáde ní 1938. Kì í ṣe ọ̀gá kan ni ó rí ẹ̀bùn rẹ̀ tí ó sì gbé e ga. Ìdíje tí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ kéde ní 1936 ni ó jẹ́ kí ó mú ìwé náà jáde. Bí kò bá sí ìdíje yẹn ńkọ́? Mo máa ń rò ó. Ní 1955, òun náà kúrò ní kíláàsì, ó lọ sí ẹ̀ka tí ń tẹ ìwé ní Ìbàdàn.

Ọdún 1955 yẹn gan-an ni ọ̀ràn náà le. Ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, iye ọmọ ilé-ìwé sì fò láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tí ó lé ní 811,000 nínú ọdún kan. Níbo ni a ó ti rí olùkọ́? Àwọn tí wọn kò tíì kọ́ṣẹ́ ni a kó sí kíláàsì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà nínú wọn. Ó ní òun a máa ka ẹ̀kọ́ ọ̀la lálẹ́ lẹ́bàá àtùpà, kí àwọn ọmọ má baà mọ̀ pé àwọn jọ ń kọ́ ọ ni. Nígbà tí ó yá, ó gba Grade Three, ó gba Grade Two, ó ṣiṣẹ́ ọdún méje sí i, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ sí báńkì. Àwọn ará ilé pè é ní aláìmoore. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo ohun tí wọ́n fi kún owó mi ní ọdún méje, kò ra kẹ̀kẹ́." Mo dá a láre. Ẹni tí a kọ́ tí a kò fi ibi tí ó lè dé hàn án, àwa ni a lé e lọ.

Lónìí, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí a dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1990 ń jẹ́ orúkọ Akíntọ́lá, olùkọ́ tí kò dúró sí iṣẹ́ olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mi yẹn náà ti gba oyè rẹ̀. Rédíò ni ó wà báyìí, ó ń ka ìròyìn. Ní ọjọ́ Sátidé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìwé kíkà, kò sì sí ẹni tí ó rán an.