Ìyẹ̀, Àgúnmu, Ẹ̀tù

Ní Abúlé Ẹ̀gbá, ẹ̀rọ tó ń lọ èlùbọ́ kì í sinmi. Àpò aṣọ ni wọ́n so mọ́ ẹnu rẹ̀ kí láfún má baà fò lọ, síbẹ̀ ìpéǹpéjú ọmọkùnrin tó dúró tì í ti funfun bíi ti arúgbó. Láfún yìí gan-an la fi mọ àwọn Ẹ̀gbá tí orúkọ wọn wà lára abúlé náà. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí yóò fi rọ̀, wọ́n á yọ okùn inú rẹ̀, wọ́n á sá a sóòrùn kó gbẹ táútáú. Bó bá ti ẹnu ẹ̀rọ jáde lúbúlúbú, oníbàárà á bù díẹ̀, á fìka tẹ̀ ẹ́ wò: "Màmá, eléyìí kúnná dáadáa."

Páúdà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe gbogbo irú nǹkan báyìí, láti ara ọ̀rọ̀ Látìn tó dúró fún eruku. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá máa ń fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, bí wọ́n ṣe ṣe é àti ibi tó ń lọ. Ìyẹ̀ ni ohun tó bá ti kúnná pátápátá. Fi "fun" inú funfun àti ẹfun kún un, ó di ìyẹ̀fun. Fi irosùn kún un, ó di ìyẹ̀rosùn, ìyẹ̀ igi irosùn tí kòkòrò ti jẹ, tí babaláwo ń tẹ́ sójú ọpọ́n Ifá. Ikin 16 ni yóò máa gbá mọ́wọ́: bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù, yóò fìka tẹ ìlà méjì sínú ìyẹ̀ náà, bí méjì bá ṣẹ́ kù, ìlà kan. Odù 256 ló lè tibẹ̀ jáde, ọwọ́ kan náà yóò sì pa á rẹ́ kí ẹlòmíì tó jókòó.

Àgúnmu ló ṣe tààrà jù: à-gún-mu, ohun tí a gún tí a sì ń mu. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ti mọ̀ pé inú odó ló ti wá, inú ẹ̀kọ gbígbóná ló sì ń lọ. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo yòókù lọ, ó sì máa ń dùn mí bí àwọn tó ń polówó rẹ̀ nínú ọkọ̀ bá ń pè é ní páúdà.

Ẹ̀tù ló ta kókó. Egbò àti èèpo igi tí a jó nínú ìkòkò títí ó fi dúdú, tí a wá lọ̀ kúnná, ẹ̀tù ni. A ń lá a, a sì ń fi í sín gbẹ́rẹ́. Ohun tí ọdẹ ń rọ sínú ìbọn, ẹ̀tù náà ni: èédú, imí ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí àwọn ará Ṣáínà ti ń pò pọ̀ láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ewe àti Fọ̀n ń pe ìbọn ní tu. Àwọn Akan ní Gánà ń pè é ní tuo, wọ́n sì ń pe ẹ̀tù rẹ̀ ní atuduro, oògùn ìbọn. Kì í ṣe àwa nìkan la fojú oògùn wo ohun tó ń pa èèyàn.

Oògùn yìí wà nídìí ogun ńlá. Ní 1877, Ààrẹ Látòóṣà ti Ìbàdàn rán èèyàn lọ ra ẹ̀tù àti ìbọn ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ẹ̀gbá ò fẹ́ kó délé, wọ́n kọ lù wọ́n lójú ọ̀nà. Kò pẹ́ sígbà náà tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ fi wọ̀yá ìjà, ogun tí dídún ìbọn inú rẹ̀ sọ ní Kírìjì. Ọdún 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà.

Ó ku àwọn tí a ń fi ṣoge. Àtíkè ò lọ́rọ̀ púpọ̀ nínú. Òkúta rírọ̀ ni wọ́n lọ̀ ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tìróò ló ń kọ mí lóminú, torí orúkọ rẹ̀ ò dárúkọ odó, kò dárúkọ igi, kò dárúkọ iná. Òkúta dídán kan ni wọ́n ń lọ̀ ṣe é. Òjé wà nínú òkúta náà, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ìyá tó ń lé tìróò fún ìkókó ò lè gbọ́ ìyẹn lẹ́nu orúkọ náà. Kí ẹni tó ń tà á sọ fún un kó tó gba owó.