Mararaba, Nyanya àti Kubwa: Ìtàn tó wà nídìí ilé owó pọ́ọ́kú lẹ́bàá Abuja

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ sí Abuja lè kọ́kọ́ máa dárúkọ Wuse tàbí Garki gẹ́gẹ́ bí ibi tó fẹ́ gbé. Tó bá ti gbọ́ owó ilé níbẹ̀ tán, orúkọ mìíràn ni yóò máa jáde lẹ́nu rẹ̀: Nyanya, Karu, Mararaba, Masaka, Kubwa tàbí Lugbe.

Gbogbo àdúgbò wọ̀nyí ló ní ilé tí apá òṣìṣẹ́ kéékèèké lè ká. Àmọ́ ṣé ibi tó dára láti gbé ni wọ́n? Àwọn kan ní ibẹ̀ ni àwọn ti tọ́ ọmọ yanjú. Àwọn mìíràn ní bí wọ́n bá fún àwọn nílé lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀, àwọn kò ní gbà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rántí ni pé owó pọ́ọ́kú náà ní ìtàn. Ìlà tí ìjọba fà sórí máàpù ní 1976 àti ètò ìlú tí wọ́n yà ní 1979 wà lára ohun tó bí àwọn àdúgbò yìí. Títí di òní, àwọn méjèèjì ṣì ń pinnu èrè àti àdánù ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Ìlú tí wọn kò fẹ́ kó dà bí Èkó

Ní 1975, ìjọba ológun Murtala Mohammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wò ó bóyá ó yẹ kí Èkó ṣì jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà. Adájọ́ Akinọlá Agúdà, ọmọ bíbí Àkúrẹ́, ni alága rẹ̀. Àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà ni pé Èkó ti há jù, kí ìjọba wá ilẹ̀ tuntun sí àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè.

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, 1976, Murtala kéde pé olú-ìlú yóò kúrò ní Èkó. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni àwọn ológun kan pa á nínú ìdìtẹ̀ gbàjọba, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dúró. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 8,000 kìlómítà onígun mẹ́rin ni wọ́n gé jáde fún olú-ìlú tuntun.

Ilẹ̀ náà kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Àwọn Gbagyi, Koro, Gade, Gwandara àti Bassa ti ń dáko níbẹ̀ tipẹ́. Èrò ìjọba lákọ̀ọ́kọ́ ni pé kí gbogbo wọn kó kúrò. Nígbà tí wọ́n ṣírò owó gbà-má-bínú tí wọn yóò san, wọ́n rí i pé agbára ìjọba kò ká a, ni wọ́n bá yí ìpinnu padà.

Bí àwọn kan ṣe dúró nìyẹn, tí àwọn kan sì kó lọ. Sabon Wuse tó wà ní Ìpínlẹ̀ Niger lónìí gba orúkọ rẹ̀ lára Wuse àkọ́kọ́. "Tuntun" ni ìtumọ̀ "sabon" ní èdè Hausa. Kubwa náà wà lára ibi tó gba àwọn Gbagyi tí wọ́n kó kúrò lórí ilẹ̀ tí àárín ìlú wà báyìí.

Níbo ni òṣìṣẹ́ yóò sùn?

Àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ya ètò ìlú Abuja tó jáde ní 1979. Kenzo Tange, ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Japan, ló ṣe àwòrán àárín ìlú. Wọ́n ti mọ ibi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yóò wà, ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba yóò wà, àti bí títì yóò ṣe fẹ̀ tó. Iye èèyàn tí wọ́n retí pé ìlú náà yóò gbà tó bá kún tán kò ju mílíọ̀nù 3 àti díẹ̀ lọ.

Ìbéèrè tí ètò náà kò rí yanjú ni ibi tí bíríkìlà, awakọ̀, agbálẹ̀ àti olóúnjẹ yóò máa sùn. Àgọ́ òṣìṣẹ́ ni Nyanya nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ibi tí àwọn tó ń kọ́ ìlú tuntun náà ń sinmi lálẹ́. Àgọ́ onígbà díẹ̀ ni wọ́n pè é. Àmọ́ iṣẹ́ kò tán, àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́yàwó, wọ́n bímọ, àgọ́ sì di ìlú.

Nígbà tí Ààrẹ Ibrahim Babangida kó ìjọba kúrò ní Èkó lọ sí Abuja ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, 1991, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ̀lé e. Ilé kò kárí. Ẹni tí kò rí ilé láàárín ìlú gba ọ̀nà Keffi, ó kọjá Nyanya, ó sì bá ara rẹ̀ ní Mararaba.

"Oríta" ni ìtumọ̀ Mararaba ní èdè Hausa, orúkọ náà sì bá a mu. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ Abuja ti parí. Lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Plateau ló wà tẹ́lẹ̀, kó tó bọ́ sábẹ́ Nasarawa nígbà tí ìjọba Sani Abacha dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, 1996. Ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì lè má mọ ìgbà tó kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n òfin mínísítà Abuja kò kọjá ibẹ̀, ẹni tí kò lágbára láti kọ́ ilé tí Abuja fẹ́ sì lè kọ́ èyí tí apá rẹ̀ ká.

Nígbà tí katakata dé

Láàárín 2003 sí 2007, Nasir El-Rufai ni mínísítà Abuja. Ó ní òun fẹ́ dá ìlú náà padà sí bí wọ́n ṣe yà á. Katakata wó ilé ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ìròyìn tí àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ibùgbé, COHRE àti SERAC, gbé jáde ní 2008 fojú bu iye àwọn tó pàdánù ilé sí nǹkan bíi 800,000.

Lásìkò kan náà, ìjọba ta àwọn ilé tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbé. Ẹni tí kò rówó rà níláti wábi gbà. Ní 2006, wọ́n tún fòfin de ọ̀kadà láàárín ìlú. Bí ìlú ṣe ń le fún tálákà tó ni àwọn tó ń lọ sí Mararaba àti Masaka ń pọ̀ sí i.

Ohun tí owó ilé kò sọ

Láti Mararaba sí àárín ìlú kò ju nǹkan bíi 20 kìlómítà lọ. Àmọ́ ojú títì kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà: Nyanya, Karu, Kugbo, títí dé oríta AYA. Ní àárọ̀, ọ̀nà kan ni gbogbo wọn kọjú sí. Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, 2014, àdó olóró bú gbàmù ní ibùdókọ̀ Nyanya, èèyàn tó lé ní 70 sì kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lọ síbi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni èrò máa ń pọ̀ sí láàárọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ epo dé. Kí Ààrẹ Bola Tinubu tó kéde ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà epo bẹntiróòlù kò tó 200 náírà. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún náà, ó ti lé ní 600 náírà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kó lọ sí Mararaba nítorí owó ilé wá rí i pé ohun tí òun fi pamọ́ lọ́wọ́ onílé ti bọ́ sọ́wọ́ onímọ́tò.

Ibi tí Kubwa ti yàtọ̀ nìyí. Ọkọ̀ ojú irin Abuja tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, tó dáwọ́ dúró ní 2020, tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 2024, ní ojú irin tí wọ́n ti tẹ́ dé Kubwa àti pápákọ̀ òfuurufú. Kò dé Nyanya àti Mararaba.

Ìwé ilẹ̀ náà yàtọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ Abuja, mínísítà ló sì ń fọwọ́ sí ìwé C of O. Ìwé tí baálé abúlé nìkan fún èèyàn kò lè dá katakata dúró. Ní Mararaba, gómìnà Nasarawa ló ń fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Lafia tó jẹ́ olú-ìlú Nasarawa jìnnà sí Mararaba, Abuja tó wà nítòsí kò sì ka gọ́tà àti títì ibẹ̀ sí ẹrù tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi náà wà níbẹ̀. Ní Lugbe, àgbàrá wọ àwọn ilé tó wà ní Trademore Estate ní 2021 àti 2023. Ẹni tó wo ilé níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè má fura rárá.

Ta ni ibẹ̀ dára fún?

Bí a bá sọ pé Mararaba kò dára, a ò sọ òtítọ́. Ìlú tó gba àwọn tí ètò Abuja kò rí àyè fún ni. Ọjà ńlá wà níbẹ̀, pàápàá ọjà èso tí wọ́n ń pè ní Orange Market. Yorùbá, Igbo, Hausa, Tiv àti Gbagyi ń ṣe káràkátà pọ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí kò lè kọ́ ilé ní Garki láéláé sì ti di onílé níbẹ̀.

Fún oníṣòwò, télọ̀, mẹkáníìkì tàbí olùkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ládùúgbò náà, ibi tó dára ni. Ẹni tó gbọ́dọ̀ wà ní ọ́fíìsì láàárín ìlú ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, níláti ṣírò owó ọkọ̀ àti oorun tó ń pàdánù mọ́ owó ilé.

Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó sanwó fún ajẹ́ńtì, ẹ wọ ọkọ̀ láti àdúgbò náà lọ síbi iṣẹ́ yín ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ẹ padà lọ wo ilé náà lẹ́yìn òjò ńlá. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ béèrè ìwé, kí ẹ sì mú un lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba tó ni ẹ̀gbẹ́ ààlà tí ilẹ̀ náà bọ́ sí, kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.