Ta Ní Ń Fún Ìtàn Ọmọdé Ní Máàkì?

Bí ẹ bá ṣí ìwé àròkọ ọmọ kíláàsì karùn-ún ní Ìbàdàn, ní Kano tàbí ní Kumasi, bírò pupa ni ojú yín sábà máa kọ́kọ́ rí. Olùkọ́ ti fa ìlà sábẹ́ sípẹ́lì tí kò tọ̀nà, ó ti yí òdo ká ibi tí ọmọ ti gbàgbé àmì ìdánudúró, ó sì ti kọ máàkì sókè ìwé. Ṣé ìtàn náà pani lẹ́rìn-ín? Ṣé ó dẹ́rù bani? Ṣé ọmọ náà rí ohun tí àgbà kò rí? Bírò náà kì í sábà sọ ohunkóhun nípa ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ń dá olùkọ́ lẹ́bi. Lójú tèmi, àṣà yìí ti wà tipẹ́ kí wọ́n tó bí olùkọ́ náà, ọ̀rọ̀ owó ló sì bí i.

Ní ọdún 1862, lábẹ́ Robert Lowe, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé iye owó ìrànwọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ máa gbà yóò dá lórí bí àwọn ọmọ bá ṣe ṣe sí nínú ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò. Alábẹ̀wò yóò wá, yóò sì dán àwọn ọmọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilé-ẹ̀kọ́ pàdánù ṣílè 2 àti pẹ́nì 8 lórí rẹ̀. Kí sì ni wọ́n pè ní ìwé kíkọ? Àpèkọ ni. Kódà ní kíláàsì kẹfà, tó ga jù lọ, ìpínrọ̀ kúkúrú bíi ti ìwé ìròyìn ni wọ́n ń pè fún ọmọ kó kọ. Kò sí ibi tó ti gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ nǹkan kan. Akéwì nnì, Matthew Arnold, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ alábẹ̀wò, takò ó pé ó ń sọ ẹ̀kọ́ di iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 gbé irú ètò yìí wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Metcalfe Sunter, tó ti ṣe ọ̀gá ní Fourah Bay College ní Freetown, di alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ fún Gambia, Sierra Leone, Gold Coast àti Èkó. Ẹnì kan, etíkun gígùn báyẹn! Àyè wo ló ní láti jókòó gbọ́ ìtàn ọmọdé? Ohun tó ṣeé kà kíákíá ló wúlò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ṣeé kà lórí ìka; adùn ìtàn kò ṣeé kà.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí alábẹ̀wò kankan tó dé ni ìtàn ti ní adájọ́ tirẹ̀ nílé. Nínú tatsuniya àwọn Haúsá, olùgbọ́ ló ń dáhùn pé kí ìtàn wá, kí àwọn gbọ́ ọ. Láàárín àwọn Akan, olùgbọ́ lè dá orin tí wọ́n ń pè ní mmoguo sí àárín ìtàn Ananse. Nínú àlọ́ Yorùbá, apàlọ́ tí kò bá gbọ́ ègbè mọ̀ pé ọkàn àwọn èèyàn ti kúrò lọ́dọ̀ òun. Kò sẹ́ni tó ń fún wọn ní máàkì, síbẹ̀ gbogbo ilé mọ ẹni tó mọ ìtàn sọ.

Ètò náà yí padà nígbà tó yá. Lábẹ́ Lugard ní 1916, ìdánwò àti ìtẹ̀síwájú àwọn ọmọ wá kó ìdá 40 nínú 100 nínú ohun tí wọ́n fi ń pín owó ìrànwọ́ ní Nàìjíríà. Ìwà àti ètò ilé-ẹ̀kọ́ kó 30, àwọn olùkọ́ 20, ilé àti ohun èlò 10. Wọ́n dá WAEC sílẹ̀ ní 1952, àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ní sẹ́kọ́ńdìrì sì wá ní ìwọ̀n tí àwọn olùkọ́ mọ̀ sórí: nínú máàkì 50, kókó ọ̀rọ̀ gba 10, ètò gba 10, ìlò èdè gba 20, àìsí àṣìṣe gba 10. Ìwọ̀n yìí sàn ju àpèkọ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni wọ́n gé e fún. Ẹ̀wù àgbà ni lọ́rùn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nínú ìdánwò Common Entrance tí NECO ń ṣe, ọmọ kì í tilẹ̀ kọ ìtàn. Ìdáhùn tó bá yàn ló ń fi pẹ́ńsù kùn. Ohun tí ìdánwò kò bá sì béèrè, kíláàsì kì í pẹ́ gbàgbé rẹ̀.

Ohun tí à ń pàdánù rèé. Ọmọdé kì í ṣe òmùgọ̀. Bó bá ti mọ̀ pé àṣìṣe ni wọ́n ń kà, yóò kọ ohun tí kò léwu. Ó fẹ́ kọ ọ́ pé ìjì ń ké bí ẹni tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé. Ó kọ ọ́ pé òjò rọ̀. Ó gba máàkì tó dára, ìtàn rẹ̀ sì kú.

Mi ò sọ pé kí a ju sípẹ́lì nù. Mo sì mọ̀ pé olùkọ́ tó ní ọgọ́ta ọmọ níwájú kò lè kọ lẹ́tà sí olúkúlùkù, àti pé ìwọ̀n tó ṣe kedere ń dènà ojúsàájú. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí a kọ́kọ́ ka ìtàn náà láì mú bírò dání, bí olùgbọ́ àlọ́. Ta ló wà nínú rẹ̀? Kí ló yí padà? Níbo ló ti wù mí láti mọ ohun tó kàn? Kí olùkọ́ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí ọmọ nípa ìyẹn, kí ó wá mú irú àṣìṣe kan péré kí wọ́n jọ tún un ṣe. Kí ọmọ sì lè kọ́kọ́ fi èdè ilé rẹ̀ kọ ọ́. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò tìtorí ẹ̀ rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Owó tí wọ́n ń torí rẹ̀ ka àṣìṣe ní 1882 ti tán tipẹ́. Kò sí ìdí tí a ó fi máa bá wọn ka á lọ.