Kọ̀ǹpútà Àfọwọ́tò

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní agbègbè Ẹnuwá, níwájú ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, ìbéèrè kan ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu wọn ṣáá: "Ṣé ó máa gbà á?" Wọn kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá ó lágbára. Ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà lè jẹ́ tuntun, kó wọ́n bí ojú, síbẹ̀ kí ẹ̀rọ má gbà á. Ìbéèrè yìí ní ìtàn, ìtàn náà sì kan àpò ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà, pàápàá bó bá ń fẹ́ kí ètò Apple máa darí rẹ̀, ohun tí Apple kò fọwọ́ sí. Hackintosh ni wọ́n ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún 1981 ni IBM gbé kọ̀ǹpútà kékeré rẹ̀ jáde l'Amẹ́ríkà. Ọjà ni wọ́n ti ra púpọ̀ nínú ẹ̀yà ara rẹ̀. Intel ló ṣe prọ̀sẹ́sọ̀, tí í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ. Microsoft ló pèsè ètò tó ń darí rẹ̀. Ohun tó jẹ́ ti IBM, tí ẹlòmíì ò gbọ́dọ̀ dà kọ, ni BIOS, ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ lójú oorun bí a bá tanná sí i. Ní 1982, ọkùnrin mẹ́ta kan, Rod Canion, Jim Harris àti Bill Murto, dá Compaq sílẹ̀ ní Houston. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tí wọ́n dá: àwọn kan ka BIOS ti IBM, wọ́n kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀, àwọn mìíràn, tí kò fojú kan ti IBM rí, wá kọ tuntun láti inú àkọsílẹ̀ náà. Ta ló fẹ́ pè wọ́n lólè? Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ̀rọ 53,000 ni wọ́n tà.

Ibẹ̀ nilẹ̀kùn ti ṣí fún gbogbo ayé. Òun ló jẹ́ kí ontajà ní òpópónà Òtígbà, ní Ìkẹjà, lè mú mọ́dábọ́ọ̀dù láti Taiwan, kó fi dísíìkì tòkunbọ̀ sí i, kí ó sì ṣiṣẹ́. Òun náà ló jẹ́ kí Omatek, tí Florence Seriki dá sílẹ̀ ní 1988, àti Zinox ti Leo Stan Ekeh, tó jáde ní 2001, lè máa to kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ IBM. Kò sì jẹ́ tuntun lójú ará Ifẹ̀ pé kí ohun èlò ti ọ̀nà jíjìn wá kí ọgbọ́n jẹ́ ti ilé. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní 1938 ní agbo ilé Wúnmọníjẹ, nítòsí ààfin, bàbà inú wọn kì í ṣe ti ilẹ̀ Ifẹ̀. Ta ni yóò wá ní kì í ṣe iṣẹ́ Ifẹ̀?

Apple ní tirẹ̀ kò gbà fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Franklin da ètò inú Apple II kọ bó ṣe wà, Apple pè é lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì dá Apple láre ní 1983. Ní 1995, Apple fún àwọn ilé-iṣẹ́ kan láṣẹ láti máa ṣe irú Mac. Steve Jobs padà dé ní 1997, ó fòpin sí i. Àfi ìgbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2006, tí Apple gbé Mac tó ní prọ̀sẹ́sọ̀ Intel jáde. Ojú àwọn ọlọ́gbọ́n là: bí ọpọlọ bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí ló dé tí ètò Apple ò ní ṣiṣẹ́ nínú tèmi? Apple ti retí wọn. Ó kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ̀rọ tó ń jẹ́ orúkọ Apple nìkan ni kí wọ́n lò ó lé lórí, ó sì fi fáìlì kan sínú ètò náà tó sọ ní "Dont Steal Mac OS X", pé ẹ má jí i. Psystar, ní Florida, kò tilẹ̀ fi tirẹ̀ bò. Oṣù kẹrin ọdún 2008 ló bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní gbangba. Kí 2009 tó parí, adájọ́ ti ní kó dáwọ́ dúró. Àwọn tó ń tò ó nílé ló ṣẹ́kù, àwọn náà ò sì láṣẹ.

Báwo wá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ń yan ẹ̀yà ara? Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ níbí, torí ibí lowó ti ń ṣòfò. Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà kì í bá káàdì sọ̀rọ̀ tààrà. Ògbufọ̀ ló ń lò, ìyẹn ètò kékeré tó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Lọ́dọ̀ Windows, ẹni tó ṣe káàdì ló sábà máa ń pèsè ògbufọ̀ rẹ̀, torí ó fẹ́ tajà. Lọ́dọ̀ Apple, èyí tí Apple fúnra rẹ̀ lò ni ògbufọ̀ sábà máa ń wà fún. Nítorí náà, ìbéèrè tó tọ́ ni: ṣé Apple fi irú èyí sínú Mac rí? Ìran kẹwàá prọ̀sẹ́sọ̀ Intel ló wà nínú iMac ọdún 2020, òun sì ni iMac oní-Intel tó kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí apá tó ń ya àwòrán nínú ìran kọkànlá kò fi ní ògbufọ̀, bó tilẹ̀ tuntun jù ú lọ. Láti ìgbà tí Mojave ti dé ní 2018, ẹni tó fowó gọbọi ra káàdì àwòrán GTX 1080 ti Nvidia ní láti dúró sórí ètò àtijọ́. Radeon RX 580, tí kò tó o lágbára, ló wọlé wẹ́rẹ́, torí Apple fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ rẹ̀ fún àwọn tó ní Mac Pro àtijọ́. Ti Wi-Fi ńkọ́? Káàdì Intel ló kún inú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, Apple ò sì ní ògbufọ̀ fún un, àfi èyí tí àwọn aláàánú kọ lọ́fẹ̀ẹ́. Broadcom ni Apple ń lò nígbà náà. Ìgbà tí Sonoma dé ní 2023, ó yọ ògbufọ̀ púpọ̀ nínú àwọn Broadcom àtijọ́ náà kúrò. Lójú tèmi, ìyẹn dùn wọ́n ju ilé ẹjọ́ lọ.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, Apple bẹ̀rẹ̀ sí í lo prọ̀sẹ́sọ̀ tirẹ̀, M1. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ó kéde pé Tahoe ni ètò ńlá tó kẹ́yìn fún Mac oní-Intel. Ẹni tó bá ti ní ìran kẹwàá àti RX 580 nílé lè máa lo tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá mú owó wá lónìí pé kí n bá òun yan ẹ̀yà ara Hackintosh, n ó ní kó tò ó fún Linux. RX 580 yẹn kan náà, Linux gbà á. Wi-Fi Intel inú tòkunbọ̀, ó gbà á. Ìyókù owó náà, kó fi ra bátìrì, nítorí iná.