Ta Ni Yóò Jíhìn?

Lọ́dún tó kọjá, Màmá mi fi káàdì báńkì ra ọjà ní ilé ìtajà kan ní Satellite Town. Lọ́jọ́ kẹta, alẹ́ẹ̀tì wọlé lóru: ẹnì kan ti ná ₦38,000 nínú owó ìdánwò ẹ̀gbọ́n mi. Ilé ìtajà ní kí wọ́n lọ bá báńkì. Báńkì ní kí wọ́n lọ bá ilé ìtajà. Màmá mi wá bèèrè pé, "Ta ni yóò jíhìn?" Ìbéèrè yìí ni mo gbé wọ inú ìtàn.

Alájọ ni àwọn ìyá wa àgbà ń dá owó fún. Bí owó bá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni wọ́n ń bi. Ní ọdún 2012, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò láti dín níná owó bébà kù ní Èkó. Káàdì pọ̀ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n a kò mọ ẹni tí a ó bi mọ́.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ìparí ọdún 2013, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú ẹ̀rọ ìgbowó àwọn ilé ìtajà Target, wọ́n sì jí nọ́ńbà káàdì bíi mílíọ̀nù 40. Ẹ̀rọ ìṣọ́ Target ti kìlọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tètè wá nǹkan ṣe sí i. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀.

Àwọn oníbàárà àti àwọn báńkì pe Target lẹ́jọ́. Target jiyàn pé àwọn oníbàárà kò fi àdánù gidi hàn. Ní oṣù Kejìlá 2014, Adájọ́ Paul Magnuson ní Minnesota ní kí ẹjọ́ wọn tẹ̀síwájú. Ní 2015, Target gbà láti san mílíọ̀nù 10 dọ́là fún àwọn oníbàárà. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí àdánù lè gbà tó 10,000 dọ́là. Ní 2017, ó tún gbà láti san mílíọ̀nù 18.5 dọ́là fún ìpínlẹ̀ 47 àti Washington D.C.

Àwa náà ti ní òfin. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí Òfin Ààbò Dátà. Bí dátà tí wọ́n jí bá lè pa ènìyàn lára, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún Àjọ Ààbò Dátà láàárín wákàtí 72. Ẹni tí rírú òfin náà bá pa lára sì lè lọ sí ilé ẹjọ́ gba owó gbà-má-bínú.

Mo ka èyí fún Màmá mi. Wọ́n wá rísíìtì jáde, wọ́n tẹ alẹ́ẹ̀tì sórí bébà, a sì jọ kọ lẹ́tà sí báńkì àti ilé ìtajà. Owó náà kò tíì padà, ṣùgbọ́n Màmá mi kì í bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ìdáhùn ni wọ́n ń bèèrè.